A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Bí Wọ́n Ti Ń Ṣe Ètò Ìlú ní Gbangba ní San Francisco

Ẹni tí ó bá ti fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́ ilé sí ìlú onílùú yóò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ra ilẹ̀, ó san owó, ó gba ìwé. Ó ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, ó ń ra páànù ní ìdì kọ̀ọ̀kan, títí ilé fi dúró, tí àwọn ọmọ tí ó bí síbẹ̀ kò sì mọ ilé mìíràn ju ibẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà tuntun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ó béèrè pé nígbà wo ni wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná; wọ́n ní ó ti pẹ́. Ó béèrè pé níbo. Wọ́n ní ní ọ́fíìsì. Ó béèrè pé ta ni ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Kò sí ìlú tí kì í la ọ̀nà, kò sì sí ìjọba tí kì í gba ilẹ̀ fún ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn ní àǹfààní. Onílé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ká a lára ni pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan. Ó ti da àwọn ìlú ńláńlá láàmú ní òkè òkun pẹ̀lú, àwọn kan nínú wọn sì ti wá ọgbọ́n sí i. Ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe ètò ilé àti ilẹ̀ ìlú náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé yẹ ní àgbéyẹ̀wò, nítorí pé ó fi ibi tí ọgbọ́n náà dé hàn, ó sì fi ibi tí kò dé hàn.

Àwọn méje tí ó jókòó

San Francisco kò fẹ̀ ní ilẹ̀. Nǹkan bíi máìlì 7 ni òró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbú rẹ̀, omi sì yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó ń gbé inú rẹ̀ lé ní 800,000. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnìkan lè ṣe sí ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ní kan ẹlòmíràn. Bí onílé kan bá fẹ́ fi àjà kan kún ilé rẹ̀, ó lè dí oòrùn mọ́ aládùúgbò rẹ̀. Bí ilé ìtajà kan bá fẹ́ di ilé ọtí, ariwo rẹ̀ yóò dé etí àwọn tí ó ń sùn ní òkè rẹ̀. Bí olówó kan bá ra ilé àtijọ́ tí ó fẹ́ wó o láti kọ́ tuntun, àwọn ayálégbé tí ó wà nínú rẹ̀ ní láti mọ ibi tí wọn yóò forí lé.

Àwọn tí wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lé lọ́wọ́ ni Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlú. Ènìyàn 7 ni ó wà nínú rẹ̀. Olórí ìlú, tí wọ́n ń pè ní Méyọ̀, ni ó ń yan 4 nínú wọn. Ààrẹ ilé aṣòfin ìlú ni ó ń yan 3 yòókù. Ilé aṣòfin náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí wọn. Ní ọdún 2002 ni àwọn olùdìbò ìlú náà fi ìbò yí òfin padà sí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Méyọ̀ nìkan ni ó ní agbára yíyàn. Ìdí tí wọ́n fi yí i padà kò ṣòro láti mọ̀: bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó yan gbogbo àwọn tí ó jókòó, ojú ẹni náà ni gbogbo wọn yóò máa wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé, ní ọ̀sán, ní yàrá 400 nínú Gbọ̀ngàn Ìlú. Ilé ńlá olórùlé rìbìtì ni gbọ̀ngàn yìí; ọdún 1915 ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mímì àti iná ọdún 1906 ti ba èyí àtijọ́ jẹ́. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wọlé jókòó. Ẹni tí kò bá rí àyè wá lè máa wo ìpàdé náà láti ilé rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ìlú.

Ìwé tí ó ń ṣáájú ìpàdé

Òfin tí ó de ìgbìmọ̀ yìí, tí ó sì de gbogbo irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n ń pè ní Òfin Brown. Ọdún 1953 ni wọ́n ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ tí òfin náà béèrè ni ìkéde. Ó kéré tán, nígbà tí ó bá ku wákàtí 72 kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti lẹ ìwé ètò ìpàdé mọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ohun gbogbo tí wọ́n fẹ́ jíròrò, ní ṣókí, ṣùgbọ́n lọ́nà tí yóò yéni: òpópónà wo, nọ́ńbà ilé wo, àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó mú ìkéde náà ní agbára. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé yìí, ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ pinnu lórí rẹ̀ ní ọjọ́ náà, àfi ní àwọn ìgbà pàjáwìrì díẹ̀ tí òfin fúnra rẹ̀ kà sílẹ̀. Wọn kò lè dédé fa ọ̀rọ̀ yọ láti abẹ́ tábìlì nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tí àwọn ènìyàn ti lọ sílé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti ilé kan pàtó, wọ́n sábà máa ń lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ilé náà, kí ẹni tí ó ń kọjá lọ lè rí i, wọn a sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe onílé nìkan ni lẹ́tà ń kàn. Ó ń kan ayálégbé pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń sùn sí ibì kan ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ kàn, ìbáà jẹ́ òun ni ó ni ín, ìbáà má jẹ́ òun.

Òfin náà kò sì dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé. Àwọn tí ó ṣe é mọ ìwà ọmọ ènìyàn. Wọ́n mọ̀ pé a lè parí ọ̀rọ̀ síbòmíràn, kí a wá fi ìpàdé ṣe ojú ayé lásán. Nítorí náà, ó jẹ́ èèwọ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọmọ ìgbìmọ̀, èyí ni ẹni 4 nínú 7, láti jíròrò ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ níbikíbi tí kì í ṣe ìpàdé gbangba, ìbáà jẹ́ nídìí oúnjẹ, ìbáà jẹ́ lórí tẹlifóònù. Wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ṣe é ní méjì méjì, kí ẹni kìíní bá ẹni kejì sọ ọ́, kí ẹni kejì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, títí yóò fi kárí. Ìwé tí wọ́n bá sì pín fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn nípa ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ètò ìpàdé ti di ìwé ará ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè béèrè fún un kí ó kà á.

Eléyìí kò wá túmọ̀ sí pé ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ kò sí rárá. Òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un, bíi kí ìgbìmọ̀ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu agbẹjọ́rò lórí ẹjọ́ tí ó wà ní kóòtù, tàbí kí wọ́n jíròrò ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ṣáájú pé àwọn fẹ́ ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n tì í, àti ohun tí wọ́n tì í fún.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni

Nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀ kan, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò ìlú ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀: ohun tí wọ́n béèrè, ohun tí òfin wí, àti ìmọ̀ràn tí ẹ̀ka náà mú wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí ẹni tí ó yàwòrán ilé náà fún un, yóò sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kan ará ìlú. Wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a sì máa bọ́ síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 3 ni ìwọ̀n tí òfin ìlú náà fi sílẹ̀ fún olúkúlùkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alága lè dín in kù nígbà tí èrò bá pọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ni ilé alájà ogún àti ẹni tí ó gba yàrá kan ṣoṣo, aago kan náà ni ó ń kà fún wọn. Kò sí ẹni tí wọ́n ń bi léèrè pé ọmọ ta ni ọ́, níbo ni wọ́n ti bí ọ, ta ni o dìbò fún. Òfin Brown tilẹ̀ sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ fi í ṣe dandan kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ ibi ìpàdé. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀, ìwé náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tí ó bá wù ni yóò kọ orúkọ sí i. Ẹni tí ó dé ìlú náà lánàá àti ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, ẹnu wọn dọ́gba níwájú ìgbìmọ̀.

Kókó yìí ni ó yẹ kí ó wọ àwọn tí ó ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ lára jù. Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀kan nínú ohun tí kì í jẹ́ kí ó fi ríran ni èdè. Ìwé ìkéde lè wà lára ògiri fún oṣù kan gbáko. Bí ẹni tí ó ń kọjá kò bá lè kà á, bákan náà ni ó rí fún un bí ìgbà tí wọn kò lẹ ohunkóhun.

San Francisco jẹ́ ìlú àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ ni ó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, láti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká, àti láti ilẹ̀ Fílípìnì. Láti ọdún 2001 ni ìlú náà ti ní òfin pé kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba máa fi èdè tí ó yé àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá wọn lò. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè fún ògbufọ̀ ṣáájú ìpàdé. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ń gba àkókò. Bí ìyá arúgbó kan bá sọ gbólóhùn kan ní èdè Ṣáínà, tí ògbufọ̀ tún un sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ ti di ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láàrin èdè méjì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe àtúnṣe sí Òfin Brown ní ọdún 2016, pé ẹni tí ó bá ń lo ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n fún àwọn yòókù, àfi níbi tí ẹ̀rọ bá wà tí ó ń jẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbọ́ ìtumọ̀ náà bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Àtúnṣe kékeré ni lójú ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú. Lójú àlejò, òun ni ìyàtọ̀ láàrin kí a pe ènìyàn síbi ọ̀rọ̀ àti kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ará ìlú bá ti sọ tiwọn tán, àwọn méje náà yóò jíròrò láàrin ara wọn, níbẹ̀ náà, lójú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rojọ́. Nígbà tí ó bá tó àkókò ìbò, akọ̀wé yóò pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù yóò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbò 4 ni ó kéré jù tí ohun kan lè fi wọlé. Ìbò ìkọ̀kọ̀ kò sí. Wọn yóò kọ ìbò olúkúlùkù sínú àkọsílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá béèrè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ta ni ó gbà pé kí wọ́n wó ilé kan, yóò bá orúkọ pàdé. Ẹni tí ìpinnu náà kò bá tẹ́ lọ́rùn sì ní ibi tí ó lè gbé e lọ: ilé aṣòfin ìlú fún àwọn ọ̀rọ̀ kan, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn fún àwọn mìíràn, kóòtù sì wà lẹ́yìn wọn.

Bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé inú rere àwọn aláṣẹ ni ó bí òfin yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, oníròyìn kan tí ń jẹ́ Michael Harris, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle, tọpinpin bí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe ìpàdé ní California. Òfin àtijọ́ ti wà tí ó ní kí wọ́n máa ṣe é ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ náà ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́: wọn a fún ìpàdé ìkọ̀kọ̀ ní orúkọ mìíràn, wọn a ní kì í ṣe ìpàdé, wọn a sì parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fi dé iwájú ará ìlú, ó ku kí wọ́n nawọ́ sókè. Harris kọ ohun tí ó rí ní apá 10 tí ó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìwé ìròyìn náà, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Ralph Brown, ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà láti ìlú Modesto, ni ó gbé àbá òfin síwájú ilé, tí òfin náà fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Gómìnà Earl Warren sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1953.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé òfin náà lé kò ju èyí lọ: àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ ará ìlú, ìránṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ máa pinnu ohun tí ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1993, San Francisco fi òfin tirẹ̀ kún ti ìpínlẹ̀, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ oòrùn, nítorí pé ibi tí oòrùn bá ràn dé, òkùnkùn kò lè bá a gbé. Àwọn olùdìbò tún fi ìbò mú un le sí i ní ọdún 1999. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ọgbọ́n náà kò dé

Ṣùgbọ́n òfin tí ó dára kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ìlú San Francisco kan náà ni ìtàn Fillmore ti ṣẹlẹ̀.

Àdúgbò kan ni Fillmore, ní apá ìlú tí wọ́n ń pè ní Western Addition. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn dúdú rọ́ wá láti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà láti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi Fillmore ṣe ilé. Àwọn pẹ̀lú jẹ́ àlejò nínú orílẹ̀-èdè tiwọn. Wọ́n dá ilé ìtajà sílẹ̀, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ilé orin wọn sì gbajúmọ̀ káàkiri. Lẹ́yìn ogun, ìlú náà ka àdúgbò yìí sí ibi tí ó ti bàjẹ́, tí ó yẹ ní wíwó. Iṣẹ́ wíwó náà kò sí lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlú gan-an. Àjọ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 fún àtúnkọ́ ìlú ni wọ́n gbé e fún. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, katapílà kò sinmi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n lé kúrò. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìwé pé àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè padà bí ilé tuntun bá dé. Ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, ilẹ̀ tí wọ́n ti wó di pápá òfìfo, àwọn tí ó ní ìwé lọ́wọ́ sì ti fọ́n ká. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà mọ́.

Ohun tí kò yẹ kí a gbàgbé ni pé Òfin Brown ti wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù nínú ìgbà yìí. Ìkéde wà, ìpàdé wà, ilẹ̀kùn kò tì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní agbára ìpinnu kò ka ọ̀rọ̀ àwọn ará Fillmore sí, àwọn ará Fillmore pàápàá kò sì tíì para pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n gba agbẹjọ́rò, tí wọ́n sì gba kóòtù lọ, ni nǹkan yí padà díẹ̀. Ní oṣù December ọdún 1968, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá iṣẹ́ kíkó àwọn ènìyàn kúrò náà dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé kò dáni lójú pé ilé gidi wà tí wọn yóò kó lọ. Ó ti pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Àwọn tí yóò gba ibẹ̀ wọlé, tí wọn yóò sì wọlé ní ọ̀pọ̀, ni ìdajì kejì.

Àléébù mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti òde òní. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Ta ni ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí ó wá dúró fún wákàtí mélòó kan nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ti ní ilé tirẹ̀, lè ṣe é. Awakọ̀ àti ẹni tí ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn kò lè ṣe é. Ẹni tí yóò gbé inú ilé tuntun tí wọn kò tíì kọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan òun. Nítorí náà, ohùn àwọn tí kò fẹ́ ilé tuntun ní àdúgbò wọn a máa pọ̀ ju ti àwọn tí ó ń wá ilé lọ, owó ilé gbígbà sì ti ga ní ìlú náà dé ibi tí apá òṣìṣẹ́ kò ká a mọ́. Ní ọdún 2017 àti ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ California ṣe àwọn òfin tí ó jẹ́ kí wọ́n lè fọwọ́ sí irú àwọn ilé gbígbé kan láìsí ìpàdé gbangba, bí wọ́n bá ti bá ìlànà tí ó wà nílẹ̀ mu. Àwọn kan ní ó dára, nítorí pé ilé yóò yára dìde. Àwọn kan ní ó léwu, nítorí pé ẹnu tí a bá dí lónìí lè ṣòro láti ṣí lọ́la. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa

Ní oṣù July ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko. Ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 ni wọ́n fún àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀, tí iye wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ènìyàn ti ń sọ ọ́, tó 300,000. Àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé ibẹ̀. Kò sí ìjókòó kankan tí ẹni tí ó nílé tàbí ẹni tí ó yá ilé ní Maroko ti rí ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1992, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí ètò ìlú àti agbègbè. Òfin náà ní kí wọ́n gbọ́ èrò àwọn ará ìlú lórí ètò tí wọ́n bá ń ṣe, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wà tí ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé Kánò, tàbí Kàdúná, tàbí Jọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin ìpínlẹ̀ tí ó wà wí. Ti Èkó kọ́, ti Ọ̀yọ́ kọ́.

Ẹ̀tọ́ láti béèrè sì ti wà nínú òfin. Láti ọdún 2011 ni òfin òmìnira ìròyìn ti fún ẹnikẹ́ni ní agbára láti kọ̀wé béèrè fún ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ọjọ́ 7 ni òfin fún ọ́fíìsì náà láti dáhùn, kò sì sí ìdí fún ẹni tí ó béèrè láti ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn án. Ní ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti de ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè lọ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú pé kí ni wọ́n ti pinnu láti fi ibẹ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò lè para pọ̀ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì tọ́jú ìdáhùn rẹ̀. Ìgbà tí ó dára láti béèrè ni ìgbà tí ògiri ṣì funfun, tí ọ̀dà pupa kò tíì kàn án.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ó ń sọ pé àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí níbi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti oyè tàbí ti ogún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san owó orí, tí ó ń san owó ilẹ̀, tí ó sin òbí rẹ̀ tí ó sì kó ọmọ jáde síbẹ̀, kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí yóò gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe olórí tí kò wá, tàbí tí ó wá tí kò lanu, kò yẹ kí ó bínú sí ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́.